Ṣé O Mọ̀? Ẹ̀mú Tó Gbé Ayùn Mì

Ọkọ̀ Fiat 600 àlòkù kan tó ń kú sójú ọ̀nà ló bí irinṣẹ́ Leatherman. Ní 1975, Tim Leatherman, ọmọ Amẹ́ríkà, àti ìyàwó rẹ̀ ń fi í rìn káàkiri Yúróòpù. Ọ̀bẹ àpò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀; ọ̀bẹ ò sì lè di nọ́ọ̀tì mú. Ó wá ronú ẹ̀mú tó ṣeé ká. Ọdún 1983 ló tó rí i tà!

Surge, ọ̀kan lára àwọn irinṣẹ́ Leatherman tó tóbi, kó ẹ̀mú, ọ̀bẹ, ayùn àti sísọ́ọ̀sì pọ̀. Ó wúwo ju gíráàmù 300 lọ: fi sápò ṣòkòtò, kó o máa fa ṣòkòtò sókè kiri. Ìdí bẹ́líìtì ló yẹ ẹ́. Bó o bá fẹ́ wọ bàálù, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò ni kó o fi í sí.