Owó adójútòfò ìlera kéré, àyẹ̀wò ọyàn ń jìnnà

Ẹ̀yin oníṣòwò Ayewa, ní agbègbè Kábbà, ẹ jẹ́ ká ṣírò. 750 náírà lóṣù ni adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ ń san fún ilé-ìwòsàn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 1,450 lọ́dún 2025. Ó wá o, kò wá o, iye kan náà ni. Ta ló máa fìyẹn pe obìnrin tí ara rẹ̀ dá fún àyẹ̀wò ọyàn?

Bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ìyálọ́jà tó bá pẹ́ kó tó mọ̀, owó ọjà ló máa fi tọ́jú ara.

Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò di dandan. Kogi náà ní àjọ tirẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ṣé àyẹ̀wò ọyàn wà níbẹ̀?