Àáró ìkànìyàn: Bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń yá ara wọn ní irinṣẹ́ láti mọ iye ènìyàn wọn

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, kò sì yani lẹ́nu pé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ka àwọn ènìyàn Nàìjíríà ní ọdún 1952 sí 1953, ọ̀pọ̀ ló sá pamọ́ fún àwọn akànìyàn. Owó orí ló tún dá kún ẹ̀rù wọn. Wọ́n gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé ìjọba, agbowó-orí kò ní í pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ẹni tí wọn kò kà ló ń pàdánù. Bí ìjọba kò bá mọ iye ọmọ tó wà ní abúlé kan, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá olùkọ́ méjì tó wọn tàbí mẹ́fà? Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ kí wọ́n gbé lọ síbẹ̀, omi ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n gbẹ́, ibi tó yẹ kí ilé ìwòsàn wà, orí iye ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ka àkọsílẹ̀ tó péye mọ́ ohun tí wọ́n ń lépa nínú àfojúsùn 17 fún ìdàgbàsókè tó máa wà pẹ́ títí, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 2015.

Ṣùgbọ́n owó ńlá ni ètò ìkànìyàn ń ná ìjọba. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àáró ti wọlé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó jẹ́ àgbẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí àáró. Bí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá àáró. Lónìí, wọ́n á kọ ebè lóko Òjó. Lọ́la, oko Àjàyí ló kàn. Ẹnikẹ́ni kì í san owó, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ràn lọ́wọ́ mọ̀ pé òun náà yóò gbé ọkọ́ jáde. Irú èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà ń bá ara wọn ṣe. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1978 ni aṣojú orílẹ̀-èdè 138 fẹnu kò ní ìlú Buenos Aires, lórílẹ̀-èdè Ajẹntínà, pé kí wọ́n máa fi ìmọ̀ àti irinṣẹ́ ran ara wọn lọ́wọ́, dípò kí gbogbo wọn máa wojú àwọn orílẹ̀-èdè olówó nìkan.

LÁTI BRÀSÍL DÉ SẸ̀NẸ̀GÀL

Ní ọdún 2010, orílẹ̀-èdè Bràsíl ka àwọn ènìyàn rẹ̀ tó lé ní 190 mílíọ̀nù. Dípò bébà, ẹ̀rọ kékeré bíi fóònù ni àwọn akànìyàn gbé lọ́wọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, Cape Verde, orílẹ̀-èdè tó wà láàárín òkun ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ka àwọn ènìyàn tirẹ̀ tí kò tó ìdajì mílíọ̀nù pẹ̀lú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bràsíl ló kọ́ wọn níṣẹ́ náà, àwọn méjèèjì sì ń sọ èdè Potogí.

Nígbà tó di ọdún 2013, ó kan Sẹ̀nẹ̀gàl. Bràsíl yá wọn ní ẹ̀rọ tí òun ti lò, wọ́n sì fi ka àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 13. Nígbà tó yá, Cape Verde àti Sẹ̀nẹ̀gàl náà di ibi tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ àná ti di olùkọ́.

GÁNÀ ṢE É FÚN LÀÌBÉRÍÀ

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Gánà. Ní ọdún 2021, Gánà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹ̀lú tablet, ìyẹn ẹ̀rọ pẹrẹsẹ tó fẹ̀ ju fóònù lọ. Iye tí wọ́n rí jẹ́ mílíọ̀nù 30 ó lé díẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Làìbéríà ti ń wá bí yóò ṣe ka tirẹ̀. Ọdún 2008 ló ti kà kẹ́yìn, ó yẹ kó tún kà ní 2018, ṣùgbọ́n wọ́n ń sún un síwájú ni. Gánà kò ti tablet rẹ̀ mọ́ inú yàrá kí bátìrì wọn máa kú síbẹ̀. Ó yá Làìbéríà ní èyí tó lé ní 20,000. Nígbà tí wọ́n kà á tán ní 2022, wọ́n rí i pé àwọn ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ wọn kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ní 2008. Ẹ wo iye ènìyàn tí ìjọba ì bá máa ṣètò láìmọ̀ pé wọ́n wà.

Àǹfààní ẹ̀rọ yìí pọ̀. Bí akànìyàn bá kọ ọ́ pé ìyá ọdún 20 ní ọmọ ọdún 15, ẹ̀rọ lè kìlọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀, kó tún un bi wọ́n. Ẹ̀rọ yóò fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ilé náà wà gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ṣòro fún ẹni tó jókòó sábẹ́ igi ìdí ọ̀pẹ láti purọ́ pé òun ti dé abúlé. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, yóò tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́ títí yóò fi dé ibi tó wà.

NÀÌJÍRÍÀ Ń KỌ́?

Tiwa ni ọ̀rọ̀ tó ń dunni. Wọ́n ka ti ọdún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n fagi lé e. Ti 1963 ní a jẹ́ mílíọ̀nù 55. Wọ́n tún ka ti 1973, wọ́n fagi lé òun náà. Ti 1991 ní a lé ní mílíọ̀nù 88. Ti 2006 ní mílíọ̀nù 140. Èkó kò gba iye tí wọ́n kọ fún un ní 2006. Ìjọba àpapọ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni wọ́n, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní àwọn ka ara àwọn, àwọn lé ní mílíọ̀nù 17.

Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 2023 ló yẹ kí òmíràn bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú tablet. Kò ku ọ̀sẹ̀ kan mọ́ tí ìjọba fi sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kẹrin ọdún 2006, kété lẹ́yìn ìkànìyàn, ti pé ọdún 18 ní 2024. Ó ti tó ẹni tó ń dìbò, ìjọba kò tíì kà á rí. Bẹ́ẹ̀ Tógò tó wà nítòsí wa ka tirẹ̀ ní 2022.

Àfojúdá ni wọ́n ń lò nígbà tí kò bá sí ìkànìyàn: wọ́n á mú iye àtijọ́, wọ́n á fi èlé lé e. Ṣùgbọ́n èlé kò mọ abúlé tí àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Èkó tán, kò sì mọ ahéré tó ti di ìlú láàárín ogún ọdún. Àwọn ará oko ló sì sábà máa ń jìyà àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ni kí a má gbàgbé. Kì í ṣe àìsí ẹ̀rọ ló ba ti 1962 àti 1973 jẹ́. Olúkúlùkù ló fẹ́ kí iye tirẹ̀ pọ̀ nítorí owó àti ipò. Gánà lè yá ènìyàn ní tablet, Bràsíl lè kọ́ ènìyàn níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí àáró tí wọ́n ti ń yá ènìyàn ní òótọ́ inú. Ọkọ́ ló ṣeé yá. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, lọ́jọ́ tí akànìyàn bá kan ilẹ̀kùn, ẹ má fi ẹnikẹ́ni pamọ́, ẹ má sì fi ẹnikẹ́ni kún un. Ẹ ka ọmọ yín fún un, kí ó pé, kí ó sì jẹ́ òótọ́.