Àìbalẹ̀ Ọkàn Lára Àwọn Àgbà Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí wà nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìlọrin níbí, ṣùgbọ́n a kì í sábà pè é ní àìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo Àlàájà kan tí wọ́n ti tajà ní Ọjà Ọba fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹsẹ̀ kò dùn wọ́n, síbẹ̀ wọn kò jáde mọ́. Bí ọmọ wọn bá wọkọ̀ lọ sí Èkó, wọn kò ní í sùn. Lóru, wọn a rán ọmọ-ọmọ wọn lọ wo ilẹ̀kùn bóyá ó ti tì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àyà wọn ń já, òógùn ń bò wọ́n, wọ́n ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn. Àwọn ará ilé ní ogbó ni. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n túbọ̀ máa ṣe àdúà. Bẹ́ẹ̀ Àlàájà yìí kì í jẹ́ kí wákàtí ìrun kan kọjá. Ìgbàgbọ́ kọ́ ni ó dín kù.

Ìbẹ̀rù wà lára ènìyàn kí ó lè sá fún ewu. Bí ejò bá yọ síni lọ́nà oko, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí ara: ọkàn a máa lù kìkì, èémí a yára, iṣan a le. Bí ejò bá lọ, ara a rọlẹ̀. Lára ẹni tí àìbalẹ̀ ọkàn ń ṣe, iṣẹ́ náà ń dé nígbà tí kò sí ejò rárá, ara kì í sì í tètè rọlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ pé ó ń ṣe wọ́n ń ṣe wọ́n ní tòótọ́.

Àwọn baba wa mọ ohun tí ó jọ ọ́. Ní 1987, oníṣègùn ọpọlọ kan, R. O. A. Makanjuola, kọ̀wé nípa àìsàn tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń pè ní ọdẹ orí: kí nǹkan máa rìn nínú orí àti lára, kí etí máa hó, kí àyà máa já. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn wà lára ohun tí ó bá lára àwọn tí a ń fi orúkọ yìí pe àìsàn wọn. Mo ka èyí sí pàtàkì, nítorí àgbà kì í sábà wí pé ẹ̀rù ń ba òun. Orí, àyà àti ooru inú ni yóò máa sọ.

Kí ni ìbátan lè ṣe? Ní 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Àrò ní Abẹ́òkúta, àwọn aláìsàn ń gbé láàrin àwọn ará abúlé, ìbátan kan, ó kéré tán, sì ń bá aláìsàn gbé láti tọ́jú rẹ̀. Àìsàn tiwọn le ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ìbátan jẹ́ apá kan ìtọ́jú náà, kì í ṣe àlejò.

Ṣùgbọ́n àánú wa lè bọ́ ìbẹ̀rù. Bí a bá lọ wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kẹrin, ọkàn Àlàájà yóò balẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ìbẹ̀rù yóò padà, nítorí ara ti kọ́ pé wíwò ni ó gba òun là. Ó sàn kí a jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí a sì jókòó tì wọ́n títí ìbẹ̀rù yóò fi lọ fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó ti ṣubú rí ní balùwẹ̀. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ó rìn. Àìrìn a sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára. Ẹsẹ̀ tí kò lágbára a tún gbé e ṣubú. Ọmọ tí ó ní kí ìyá òun máa jókòó, kí a máa gbé gbogbo nǹkan wá bá wọn, ń ran ìbẹ̀rù lọ́wọ́ láìmọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí kí a bá wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, dé ilé aládùúgbò. Ní ìkẹyìn, dé Ọjà Ọba. Àwọn fúnra wọn ni yóò yan bí yóò ti yá tó, nítorí ọmọ kì í pàṣẹ fún ìyá. Ìbéèrè ni kí a fi bẹ̀rẹ̀: “Ìyá, kí ni ẹ máa ń rò lóru tí ẹ kì í fi í rí oorun sùn?” Kí a sì dákẹ́ títí wọn yóò fi sọ ọ́ tán.

Àwọn kan a máa ra Valium láìsí ìwé dókítà. Oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lára àgbà. Ó lè gbé wọn ṣubú, ó lè da iyè wọn rú, ó sì lè di bárakú. Ẹni tí ó ti ń lò ó tipẹ́ kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Obì tí àgbà ń jẹ ní ìrọ̀lẹ́ pàápàá lè lé oorun lọ.

Kí a má sì pe gbogbo àyà jíjá ní ìbẹ̀rù. Àìsàn ọkàn, ṣúgà tí ó wálẹ̀ jù lára ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tàbí oògùn ikọ́ fée lè fà á. Bí àyà bá ń dunni, tàbí tí èémí kò já gaara, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, ní àwọn dókítà tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọpọlọ àti ìwà ènìyàn. Nígbà tí a bá ń lọ, kí a kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, ti òyìnbó àti àgbo, sínú àpò kan, kí a sì kọ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Bí dókítà bá béèrè ọ̀rọ̀, kí ọmọ má ṣe gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Kí ó jẹ́ kí Àlàájà dáhùn fúnra wọn.