Ọlọ́pàá àti Títú Àpò Ènìyàn Wò ní Brixton

Brixton jẹ́ àdúgbò kan ní apá gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth. Kò jìnnà sí Peckham, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, tí a sì ti ń ta iṣu, gààrí àti ẹ̀fọ́ bí ẹni pé ọjà Oyíngbò ni. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Windrush gbé àwọn ará Jamaica dé ní oṣù June, 1948, àwọn kan nínú wọn wá iṣẹ́ lọ sí Brixton, nítorí pé ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ wà níbẹ̀ tí kò jìnnà sí ibi tí a fi wọ́n wọ̀ sí. Láti ìgbà náà ni ènìyàn dúdú ti pọ̀ ní àdúgbò yìí. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin wọn àti àwọn ọlọ́pàá yẹ ní gbígbọ́ fún gbogbo òbí tí ó ní ọmọ ní ìlú òyìnbó, nítorí pé ó wà lára ohun tí ó bí òfin tí ó de àwọn ọmọ náà lónìí.

Ní àtijọ́, òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ṣe ní 1824 nítorí àwọn alárìnkiri. Ó fún ọlọ́pàá ní àṣẹ láti mú ẹni tí ó bá fura sí pé ó ń rìn gbéregbère láti jalè, bí ẹni náà kò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀rí ọlọ́pàá méjì péré lè tó láti dá a lẹ́bi. Àwọn ọ̀dọ́ dúdú ni ó ń kó sínú wàhálà jù, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ gidigidi.

Ní ọjọ́ 6 oṣù April, 1981, àwọn ọlọ́pàá dá ètò kan sílẹ̀ ní Brixton tí wọ́n pè ní Swamp 81, láti fi gbógun ti àwọn ọlọ́ṣà àti afọ́lé. Wọ́n rán àwọn ọlọ́pàá tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ sí ojú títì. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti dá ènìyàn 943 dúró. Ó lé ní ìdajì wọn tí ó jẹ́ dúdú, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì tíì pé ọmọ ọdún 21. Wọ́n mú 118, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan 75. Kí òǹkàwé ṣe ìṣirò rẹ̀: ènìyàn 825 ni a dá dúró ní gbangba lójú ojúlùmọ̀ àti àlejò, tí a tún ní kí wọ́n máa lọ. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí tí kì yóò sọ ọ́ délé.

Rògbòdìyàn kan ti wáyé ní alẹ́ ọjọ́ 10. Ní ọ̀sán Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá méjì rí awakọ̀ takisí kan tí ó ń ki nǹkan bọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rò pé egbòogi olóró ni. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, owó ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọkùnrin náà sọ pé ibẹ̀ ni òun máa ń tọ́jú owó sí. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá arúgbó tí ó di owó mọ́ ìṣẹ́tí ìró kò ní bi í ní ìbéèrè kejì. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá náà kò fi mọ síbẹ̀, wọ́n tún kọjú sí ọkọ̀ rẹ̀ láti tú u wò, èrò sì pé lé wọn lórí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ti ń jó ní Brixton. Ọlọ́pàá 279 ni ó fara pa ní ọjọ́ wọ̀nyí, àti ará ìlú 45 ó kéré tán. Ilé 28 ni iná sì bà jẹ́.

Ìjọba yan adájọ́ àgbà kan, Lord Scarman, láti wádìí ọ̀ràn náà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní oṣù November ọdún náà. Kò sọ pé kí a gba agbára yíyẹ ènìyàn wò lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ó ní àṣìṣe ni ètò Swamp 81 ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àti pé agbára náà gbọ́dọ̀ ní ààlà. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fagi lé apá òfin 1824 náà ní 1981 kan náà, wọ́n sì ṣe òfin tuntun ní 1984.

Lábẹ́ òfin 1984 yìí àti àwọn ìlànà tí ó tẹ̀ lé e, ìfura lásán kò tó. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ní ìdí tí ó ṣe é sọ síta láti gbà pé ohun tí a jí, ohun ìjà tàbí egbòogi tí òfin kà léèwọ̀ wà lára ẹni tí ó dá dúró. Àwọ̀ ara kì í ṣe ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni náà ti ṣẹ̀wọ̀n rí kò tó fúnra rẹ̀. Kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní láti sọ orúkọ tàbí nọ́ńbà rẹ̀, àgọ́ tí ó ti wá, ohun tí ó ń wá àti òfin tí ó fún un láṣẹ. Bí kò bá wọ aṣọ iṣẹ́, ó ní láti fi káàdì rẹ̀ hàn. Ní gbangba, kò lè pàṣẹ pé kí ènìyàn bọ́ ju kóòtù, jákẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́ lọ. Ẹni tí a ń yẹ̀ wò, ẹ̀wẹ̀, kò gbọdọ̀ bá ọlọ́pàá wọ̀jà. Ó lè béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta.

Àyè kan ṣí sílẹ̀ síbẹ̀. Òfin mìíràn tí a ṣe ní 1994 gbà pé bí ọ̀gá ọlọ́pàá bá rí i pé ìjà oníjàǹbá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan, ó lè pàṣẹ pé kí a máa yẹ ẹnikẹ́ni wò níbẹ̀ fún wákàtí 24, láìsí pé a fura sí i. Níbí ni ẹ̀sùn ojúsàájú ti le jù.

Nínú ọdún tí ó parí ní oṣù March, 2023, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, a dá ènìyàn dúdú dúró ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti òyìnbó, bí a bá fi wé iye wọn ní ìlú. Nínú mẹ́wàá tí a yẹ̀ wò, bí méje ni kò yọrí sí nǹkan kan. Síbẹ̀ àwọn òbí dúdú kan wà tí wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá pọ̀ sí i lójú títì. Peckham ni wọ́n ti pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tí a bí ní Èkó, ní oṣù November, 2000. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2016 nípa ètò kan tí ó sọ iye àwọn tí a ń yẹ̀ wò nítorí ọ̀bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù di púpọ̀ kò rí i pé ó dín ìwà ọ̀daràn kù.

Ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò wà tí ń yẹ àkọsílẹ̀ wọ̀nyí wò. Wọ́n lè bi ọ̀gá ọlọ́pàá léèrè ìdí tí a fi dá àwọn ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n wọn kò ní àṣẹ láti jẹ ọlọ́pàá kankan níyà.