Yíya Àwòrán Ère Òkúta Ẹ̀sìẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí fún Ìwádìí

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe lè fi kámẹ́rà ya àwòrán ère òkúta àtijọ́ lọ́nà tí yóò fi wúlò fún ìwádìí. Ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìpínlẹ̀ Kwara ni Ẹ̀sìẹ́ wà lónìí, ṣùgbọ́n Ìgbómìnà ni wọ́n, bí àwọn ará Ìlá Ọ̀ràngún ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti Ìlá lọ síbẹ̀, ilé ẹbí ni ó lọ.

Àwọn ère náà lé ní 800. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn: ọkùnrin àti obìnrin tí ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, tí àwọn mìíràn sì di ohun ìjà mú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., jẹ́ kí ìjọba gbọ́ nípa wọn. Ní 1945 ni wọ́n dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Phillips Stevens tẹ ìwé tí ó kún fún àwòrán wọn jáde ní 1978.

Kí ni àǹfààní irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo òkúta gbígbẹ́ ti agbègbè Cross River. Philip Allison ya àwòrán wọn, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1968. Lẹ́yìn náà, wọ́n jí púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ọ̀kan yọjú ní Chrysler Museum ní Amẹ́ríkà, àwòrán Allison wà lára ohun tí ó fi ibi tí ó ti wá hàn, wọ́n sì dá a padà fún Nàìjíríà ní 2023. Òkúta tí kò ní àwòrán kò ní ẹlẹ́rìí.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó ṣòro jù. Iná kámẹ́rà tí ó kọjú sí ère gan-an a máa pa òjìji rẹ́. Ilà ojú, irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àfiwé, a sì di pẹlẹbẹ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá ni ó dára, ìbáà ṣe ti fèrèsé tàbí ti tọ́ọ̀ṣì tí ẹnìkejì gbé dání.

Èkejì ni ibi tí ayàwòrán dúró sí. Ọ̀pọ̀ ère náà kò ga. Bí a bá dúró yà wọ́n láti òkè, orí a tóbi, ẹsẹ̀ a kéré. Orí ńlá sì jẹ́ àṣà àwọn agbẹ́gilére Yorùbá! Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí agbẹ́re ṣe yàtọ̀ sí èyí tí kámẹ́rà ṣe? Ó tọ́ kí a kúnlẹ̀, kí kámẹ́rà bá àárín ère dọ́gba. Kí a gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ó ti kán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í fẹ́ ya ibi kíkán, wọ́n ní kò dùn ún wò. Ojú ibi kíkán ni a sì fi ń mọ orí tí ó bá ọrùn kan mu.

A kò gbọdọ̀ ya ohunkóhun láìgba àṣẹ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pàápàá nígbà Ọdún Ère tí ètùtù ń lọ lọ́wọ́. Kí a kọ ọjọ́, nọ́ńbà ère àti orúkọ ayàwòrán sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́.