Ìbò Kan Ṣoṣo

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011 ni. Mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nílé, ẹgbẹ́ PDP ń ka ìbò àwọn tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ ní Eagle Square, l'Ábùjá. Goodluck Jonathan ní 2,736. Atiku Abubakar ní 805. Sarah Jibril, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, tó ti ń lépa ipò náà láti àwọn ọdún 1990, ní ìbò kan. Ẹkún gbọ̀n mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tí mò ń gbọ́ káàkiri ni pé obìnrin ni ọ̀tá obìnrin, pé àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ náà kò dìbò fún un. Èmi kò gbà. Mo ti ṣe aṣojú níbi ìdìbò abẹ́lé rí. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kó wa sí mọ́jú, orúkọ tí a máa kọ sì ti wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n há sí wa lọ́wọ́. Àwọn tó kọ ìwé náà, kò sí obìnrin kankan nínú wọn.

Èmi náà fẹ́ gbé àpótí rí, ipò káńsẹ́lọ̀ lásán. Olórí obìnrin wọ́ọ̀dù wa ni mí nígbà náà. Èmi ni mò ń kó àwọn ìyálọ́jà jọ, èmi ni mò ń pín aṣọ ẹgbẹ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní, "Ìyá Bùkọ́lá, ilé ọkọ lo wà níbí o. Lọ dupò nílé bàbá rẹ." Mo lọ. Àwọn ará ilé bàbá mi ní, "Ọmọ wa ni ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti fi ọ́ fọ́kọ." Ọkùnrin tí wọ́n wá fún ní tíkẹ́ẹ̀tì kò tíì lo ọdún mẹ́ta ládùúgbò wa! Aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n ṣe ìpàdé tí wọ́n ti mú un. Obìnrin ilé ọkọ tó bá lọ síbẹ̀ lákòókò yẹn, aṣẹ́wó ni wọ́n á máa pè é.

Igbákejì gómìnà ni wọ́n gbà pé ó tọ́ sí wa. Sínátù Òjíkùtù ṣe é l'Ékòó lọ́dún 1992, Fúnmi Ọláyínká ṣe é l'Ékìtì, Olúṣọlá Ọbádá àti Títí Láoyè-Tòmórì ṣe é l'Ọ́ṣun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó di gómìnà. Virginia Etiaba nìkan lobìnrin tó tíì jókòó sórí àga náà ní Nàìjíríà, ní Anambra, láti ìparí ọdún 2006 di oṣù kejì 2007. Igbákejì ni òun náà; àwọn aṣòfin ló yọ gómìnà ọ̀gá rẹ̀ tó fi débẹ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá náà padà, Etiaba gbéjọba padà fún un.

Ẹ̀yin olórí obìnrin ní wọ́ọ̀dù, kí ẹ tó tún dáwó aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé orúkọ àwọn olùdíje hàn yín. Ẹ ka iye obìnrin tó wà níbẹ̀.