Ọgbà Rélùwéè Èbúté-Mẹ́ta: Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Lára Irin Àtijọ́

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọgbà rélùwéè tí ó wà ní Èbúté-Mẹ́ta ní ìlú Èkó mu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 157. Èbúté-Mẹ́ta yìí kan náà ni tésàn ńlá tí wọ́n fi sọrí Mobọ́lájí Johnson wà. Ọmọdé ti láṣọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú irin àtijọ́ ni àgbà tí ó lákìísà, àkísà náà sì ni ó yẹ kí olùkọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò.

Bí Ojú Irin Ṣe Dé Èkó

Ìlú èbúté ni Èkó kí ojú irin tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ òkun ní ń gúnlẹ̀ sí i láti òkèèrè. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ tí ń ti òkè wá sì ń gba orí alárùú àti inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kọjá. Ní ọdún 1896, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, ọdún náà sì ni afárá Carter so Erékùṣù Èkó mọ́ Ìdó. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì kan odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tí ó di 1912, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ èyí tí ó lọ sí Kánò, ó wá di rélùwéè kan ṣoṣo.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ya àwòrán ọ̀nà yìí sínú ìwé, ohun kan yóò hàn sí i. Ojú irin náà kò so ìlú mọ́ ìlú tó bí ó ti so oko mọ́ èbúté. Kòkó, ẹ̀kùrọ́, ẹ̀pà àti òwú ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè rí wọn kó sínú ọkọ̀ òkun. Pé àwọn ènìyàn rí i wọ̀ lọ sí ilé ìyàwó tàbí ìdí òwò, èrè ẹ̀yìn ni.

Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì náà ní ìtàn tirẹ̀. Mìlímítà 1,067 ni ti àtijọ́. 1,435 ni ti tuntun. Ojú irin tóóró kò náni lówó púpọ̀, ó sì rọrùn láti fi yí òkè po. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a ṣe fún ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì.

Ilé Jaekel

Nínú ọgbà yìí ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898. Ọ̀gá àgbà rélùwéè ni ó ń gbé inú rẹ̀ nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni ó di ilé ìsinmi fún àwọn òṣìṣẹ́ ńláńlá. Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 láti dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, tún un ṣe ní 2010. Wọ́n fi orúkọ Francis Jaekel pè é, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn rélùwéè Nàìjíríà. Àwòrán àti ohun èlò ìgbà àtijọ́ ni àlejò ń rí níbẹ̀.

Iṣẹ́ rere ni. Síbẹ̀, olùkọ́ ní láti bi àwọn ọmọ léèrè pé: ilé ta ni èyí? Ilé ọ̀gá ni. Níbo wá ni ilé ẹni tí ó ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ̀rọ, tàbí ti ẹni tí ó ń tẹ́ irin nínú igbó? Àwọn wọ̀nyí náà ṣe ìtàn. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì mú kí ọjà gbówó lórí, tí owó oṣù kò sì kúrò lójú kan, òṣìṣẹ́ rélùwéè wà ní iwájú nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti ọdún 1945, èyí tí ó gbà ju oṣù kan lọ. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Tí Ojú Irin Fi Sílẹ̀

Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí kò sí nínú àpótí dígí, òun ni èdè. Lójú omi ni ọ̀rọ̀ náà “ọkọ̀” ti wá. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, Yorùbá kò wá orúkọ lọ sí ibòmíràn. Wọ́n pè é ní ọkọ̀ ojú irin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pe ọkọ̀ òfurufú lẹ́yìn náà. Èbúté-Mẹ́ta gan-an, ibi tí ọkọ̀ omi ń gúnlẹ̀ sí ni orúkọ rẹ̀ ń sọ.

Wọ́n yá àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn: rélùwéè, gáàdì, tíkẹ́ẹ̀tì, tésàn. Lónìí, ọmọ tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí ń pe àgọ́ ọlọ́pàá ní tésàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń lò láàárín ara wọn, irú bí “lókò” fún ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀rọ, ń kú lọ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ni wọ́n.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Kí olùkọ́ kọ́kọ́ gba àṣẹ, nítorí ibi iṣẹ́ ni ọgbà náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwọ̀n lọ́wọ́, kí wọ́n wọn àlàfo irin, kí wọ́n sì ya ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn èyí, kí olúkúlùkù wá òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùwéè kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó kí i bí ọmọ ti í kí bàbá, kí ó sì bi í ní orúkọ irinṣẹ́ mẹ́wàá àti ohun tí ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.

Irin a máa pẹ́ kí ó tó dógùn-ún tán. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu arúgbó kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.